Ẹ̀rọ Tí Ìyá Mi Ń Pè Ní Orogún

Ìdí igi àgbọn kan ní abúlé etíkun lẹ́yìn Ajah ni wọ́n sin ìwọ́ mi sí. Ìyá mi fúnra wọn ni wọ́n gbin igi náà lẹ́yìn ilé bàbá wọn, lọ́sẹ̀ tí wọ́n bí mi. Kí wọ́n tó kú, wọ́n tẹnu mọ́ ọn fún mi títí ọ̀rọ̀ náà fi sú mi: bí mo bá bímọ, ibẹ̀ ni kí n gbé ìwọ́ ọmọ náà lọ, mi ò gbọdọ̀ sin ín síbòmíràn. Mo pẹ́ kí n tó bí, wọn ò sì dúró rí i. Nígbà tí Ọlọ́run wá ṣe é, tí mo bí obìnrin, kí ẹkún ọmọ tó rọlẹ̀ ni mo ti ń ronú igi àgbọn yẹn.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá bá wa wẹ ọmọ, ò rí ohun tí mo ń da ara mi láàmú sí. Wọ́n ní, "Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ilé, ẹ bò ó, ó parí." Mo ní, "Ilẹ̀ wo, mà?" Abraham Adésànyà Estate là ń gbé. Láti géètì wa dé ẹ̀yìn kíṣìnnì, íńtálọ́ọ̀kù ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo tó wà nínú ọgbà náà ni èyí tó wà nínú ìkòkò òdòdó, onílé ló sì ni ìkòkò. Ilé rẹ́ǹtì! Ta ló ń sin ìwọ́ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ onílé? Bí onílé bá ní ká kó jáde lọ́dún tó ń bọ̀, ṣé ọmọ mi á máa wá kan géètì ẹni ẹlẹ́ni, á máa bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ wo ibi tí ìwọ́ òun wà? Ìyá ọkọ mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní orí mi le bíi ti bàbá mi. Nígbà tí ìwọ́ náà já, mo dì í sínú òwú, mo fi sínú agolo páúdà kékeré kan, mo gbé e sínú dúrọ́ọ̀ mi.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ilé bàbá ìyá mi ò sí mọ́. Ẹbí ti ta ilẹ̀ náà. Àwọn tó rà á ti wó gbogbo ilé tó wà lórí rẹ̀, wọ́n ti da yanrìn lé e títí ilẹ̀ fi ga sókè. Àgbọn nìkan ni wọ́n dá sí, torí pé àwọn tó ń kọ́ ẹ̀sítéètì fẹ́ràn kí àgbọn máa fẹ́ yẹ́ẹ́ níwájú ilé. Mo débẹ̀ nígbà tí mo wà nínú oyún, mo dúró láàárín wọn, mo ń wòkè. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Kò sí ògiri, kò sí kànga, kò sí ohun tí èèyàn lè nàka sí pé ẹ̀yìn ilé nìyí. Nínú gbogbo ayé, ohun kan ṣoṣo ló kù tó mọ igi mi yàtọ̀ sí àwọn yòókù, ìyẹn GPS bàbá mi.

Sọfíyọ̀ ìjọba ni bàbá mi títí wọ́n fi fẹ̀yìntì. Ọjọ́ ìfẹ̀yìntì yẹn ni àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ta wọ́n lọ́rẹ ẹ̀rọ náà, irú èyí tí àwọn tó ń rin inú igbó fún ìgbádùn máa ń mú dání. Kò tóbi ju kéèyàn fi ọwọ́ kan gbé e. Ó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu sátẹ́láìtì, á sì fi òǹkà sọ ibi tí o dúró sí gan-an fún ọ. Bí o bá tẹ bọ́tìnnì, á fi àmì síbẹ̀, ìgbà yòówù tí o bá sì fẹ́ padà lọ, ọfà kékeré kan á máa júwe ọ̀nà lójú rẹ̀. Bàbá mi ní àwọn ti fi gbogbo ayé àwọn wọn ilẹ̀ fún àwọn tó ń jà sílẹ̀, ó wá kù kí àwọn wọn èyí tí àwọn máa fi ṣe fàájì. Ní gbogbo Sátidé, wọ́n á dé fìlà, wọ́n á mú igo omi, wọ́n á forí lé etíkun àti igbó díẹ̀ tó kù lẹ́yìn Ajah. Wọ́n fi àmì sí igi máńgòrò tó máa ń so nígbà tí kò sí máńgòrò lọ́jà. Wọ́n fi àmì sí ibi tí wọ́n ti rí ọ̀bọ. Wọ́n fi àmì sí ibi tí ajá ti lé wọn, kí wọ́n má baà tún gba ibẹ̀ mọ́.

Ìyá mi ló sọ ẹ̀rọ náà ní orogún. Láàárọ̀ Sátidé, tó bá ti ké píì nínú yàrá, wọ́n á ní, "Orogún mi ti jí. Ẹ bi í bóyá á mu ẹ̀kọ." Bàbá mi á ní, "Ìyáálé, má jowú." Síbẹ̀, ìyá mi á dìde, wọ́n á mú agboòrùn, wọ́n á tẹ̀lé ọkọ wọn àti orogún wọn jáde. Ọ̀kan nínú àwọn Sátidé yẹn ni wọ́n jọ dé ìdí àgbọn mi, nígbà tí ilé ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n mu omi àgbọn, ìyá mi fi agboòrùn wọn kọ́ ìṣó tó wà lára igi náà, bàbá mi sì fi àmì síbẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti há òǹkà ibẹ̀ sórí. Bí ìyá mi bá ń bínú, bàbá mi á dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, wọ́n á máa ka òǹkà igi àgbọn bí ẹní ń ki oríkì, North báyìí, East báyìí, títí ìyá mi á fi rẹ́rìn-ín. Òyìnbó ni wọ́n fi ń kà á, torí wọ́n ní àwọn ò fi Yorùbá ka ilẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́.

Lẹ́yìn ikú ìyá mi, bàbá mi kó wá sọ́dọ̀ wa, àwọn àti ẹ̀rọ náà sì jọ ń dàgbà nínú yàrá kan. Rọ́bà tó wà lára rẹ̀ ti yọ́, tó jẹ́ pé bí o bá dì í mú, á lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ bí oje ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án ti rì wọlé, orí báírò ni wọ́n fi ń tì í. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó ni wọ́n fi de ìdérí bátìrì rẹ̀. Ìlà dúdú kan gba àárín ojú rẹ̀ kọjá. Tó bá dé ìta gbangba, kó tó rí sátẹ́láìtì, o ti lè fi gaàrí panu kí o sì fọ abọ́. Ọjọ́ tó wà lójú rẹ̀ tiẹ̀ ti padà sẹ́yìn tó bí ogún ọdún, ó dá a lójú pé mo ṣì wà ní yunifásítì. Ọkọ mi ra fóònù tuntun fún bàbá mi, ó ní máàpù wà nínú rẹ̀. Bàbá mi dúpẹ́, wọ́n wò ó síwá sẹ́yìn. Wọ́n ní, "Ó mọ ilé oúnjẹ dáadáa. Kò mọ igi."

Bàbá mi náà sì ní tiwọn. Wọ́n á fi gíláàsì ojú wọn sínú fíríìjì. Wọ́n á bi ọkọ mi bóyá ó ti jẹun, á dáhùn, wọ́n á tún bi í. Nígbà mìíràn wọ́n á fi orúkọ tí wọ́n ń pe ìyá mi pè mí, wọ́n á sì dákẹ́ lójijì, torí pé wọ́n gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu àwọn fúnra wọn. Èyí tó dun èmi jù ni pé wọ́n mọ̀. Lọ́jọ́ kan tí a jọ jókòó sí bákónì, wọ́n ní, "Orí mi ti ń jò, ìwọ náà rí i." Mo ní kò sí nǹkan tó ń jò. Wọ́n ní, "Jẹ́ kí n wí. Òǹkà igi ìyá rẹ ṣì wà níbẹ̀. Ọjọ́ tó bá kúrò níbẹ̀, kí o mọ̀ pé mo ti lọ nìyẹn." Wọ́n kà á fún mi, tó péye látòkè délẹ̀. Mo dìde, mo lọ gbé ẹ̀pà wá.

Lọ́sẹ̀ tí a sọ ọmọ lórúkọ ni mo ní kí wọ́n gbé orogún jáde ká lọ sin ìwọ́. A ṣí i, a rí i pé bátìrì ti jò sínú rẹ̀ ní gbogbo àkókò tí mo fi wà nínú oyún tí ẹnikẹ́ni ò gbé e jáde. Nǹkan aláwọ̀ ewé ti bo irin inú rẹ̀. Bàbá mi gé ọsàn wẹ́wẹ́, wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, wọ́n jókòó sójú fèrèsé, wọ́n fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wẹ ọmọ mi ní yàrá kejì. Wọ́n sá a. Wọ́n ki bátìrì tuntun sínú rẹ̀, ó sì tàn. Ohun tó kọ́kọ́ bi wá ni èdè tí a fẹ́ kó máa sọ. Mo ní kì í béèrè bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Bàbá mi tẹ̀ ẹ́ dé ibi tí àwọn àmì wọn máa ń wà, ibẹ̀ ṣófo. Máńgòrò ò sí, ọ̀bọ ò sí, ajá ò sí, igi mi ò sí.

Bàbá mi ní, "Orogún ti gbàgbé gbogbo wa." Mo fẹ́ sunkún lóòótọ́, torí ara ìyá ìkókó ò gba irú ẹ̀ mọ́ra. Àwọn ló ń rẹ́rìn-ín. "Kí lo fajú ro sí? Àgbà kì í wà lọ́jà, kórí ọmọ tuntun wọ́. Tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀." Wọ́n pa ojú dé, wọ́n ka òǹkà náà, èmi sì ń tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú wọn dùn débi pé wọ́n dé fìlà wọn nínú ilé.

Ní Sátidé, ọkọ mi fi mọ́tò gbé èmi àti bàbá mi lọ. A fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, agolo páúdà wà nínú báàgì mi. Mẹ́gáàdì tó wà lẹ́nu ilẹ̀ náà bi wá pé kí la wá wò. Bàbá mi ní igi ni, ó sì rẹ́rìn-ín, ó ṣílẹ̀kùn fún wa. Ọfà náà mú wa wọ àárín àwọn àgbọn. Kò dúró níbẹ̀. Ó mú wa gba àárín wọn kọjá, ó mú wa jáde síhà kejì, a bọ́ sórí yanrìn etíkun. A dé ibi tí omi ti ń lá yanrìn, ọfà náà ṣì nàka síwájú, sínú òkun.

Ọkọ mi mú fóònù rẹ̀ jáde, ó tẹ òǹkà náà sínú rẹ̀, ó rò pé òun ń ṣe ìrànlọ́wọ́. Ibì kan náà ni fóònù sọ. Bàbá mi ní ìṣó kan wà lára igi yẹn, ní ọ̀gangan orí ìyá mi. A padà sáàárín àwọn àgbọn, a ń wo ọ̀gangan orí lára wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ò rí ìṣó. Mo ní, "Dádì, ẹ tún un kà, bóyá èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ ṣì." Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Nígbà tí wọ́n dé àárín, wọ́n pe òǹkà kan, wọ́n fà á padà, wọ́n pe òmíràn, wọn ò sì parí rẹ̀. Mi ò rí irú ojú bẹ́ẹ̀ lára bàbá mi rí, kódà lọ́jọ́ ìsìnkú. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Láti ọjọ́ yẹn, wọn ò sọ̀rọ̀ igi mọ́. Wọ́n ki ẹ̀rọ náà sábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì àtijọ́ nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Sátidé mìíràn dé, fìlà ò kúrò lórí ìṣó ara ògiri. Kò sì pẹ́ tí wọn ò gbé ọmọ mọ́. Mo gbé e fún wọn, wọ́n ní rárá, àwọn lè gbé e kalẹ̀ síbì kan kí àwọn sì gbàgbé. Mo bínú. Mo bínú sí òkun, mo bínú sí àwọn tó ta ilẹ̀ àtàwọn tó rà á, mo bínú sí orogún jù lọ. Ìyá ọkọ mi ní kí n kúkú gbé agolo yẹn lọ sí abúlé àwọn ní Ìjẹ̀bú, ọ̀rọ̀ ire ni wọ́n sọ, mo sì dá wọn lóhùn ire. Àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ́ nìkan mọ́. Bàbá mi ti sọ fún ara wọn pé àwọn ti lọ, wọ́n kàn ṣì ń jókòó sí pálọ̀ wa ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ sùn, mo lọ yọ ẹ̀rọ náà lábẹ́ síńgílẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ tún ọjọ́ ojú rẹ̀ ṣe, kí ẹnì kan, ó kéré tán, nínú yàrá yẹn mọ ọdún tí a wà. Mo fi báírò tàn án, mo ń tẹ̀ ẹ́ láti ojú ìwé kan sí òmíràn. Ọjọ́ náà ò gbà láti yí padà, alágídí. Mo wá bá ara mi lójú ìwé kan tí mi ò rí rí. Bàbá mi wà ní pálọ̀, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn.

Mo ní, "Dádì, kí ni WGS 84?"

Wọn ò gbójú sókè. "Bí òyìnbó ṣe ń ka gbogbo ayé ni."

"Òun ni wọ́n kọ síbí."

"Síbo?"

"Sára orogún."

Wọ́n gbé ìwé ìròyìn sílẹ̀. Wọ́n ní kí n mú un wá. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n nù ún, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Minna ló yẹ kó wà níbí."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ Minna lẹ́nu wọn, débi pé etí mi ò gbọ́ ọ mọ́. Òkè kan wà ní Minna, ibẹ̀ ni àwọn sọfíyọ̀ ayé àtijọ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí wọn ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹ̀rọ tó bá ti òkè òkun wá, ibòmíràn ló ti ń wọn tirẹ̀, fóònù ọkọ mi náà bẹ́ẹ̀. Ibì kan náà lórí ilẹ̀ á wá ní òǹkà méjì, bí o bá sì fi ọ̀kan wá èkejì, wàá ṣìnà tó bí ìrìn láti géètì wa dé ìkángun àdúgbò. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá dé ọwọ́ bàbá mi, Minna ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi kọ́ ọ, kí wọ́n tó ṣe ohunkóhun. Èyí tó wà fún fàájì náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un, torí ọwọ́ wọn ò mọ ọ̀nà mìíràn. Nígbà tí bátìrì jò tí orí rẹ̀ dàrú, ó padà sí èyí tó gbọ́ níbi tí wọ́n ti ṣe é. Òǹkà Minna sì ni bàbá mi kà fún mi.

Mo ní, "Ẹ̀rọ ló gbàgbé, Dádì. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Wọ́n ní, "Tún un wí."

Mo tún un wí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà pọ̀ títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín nìkan. Ìyá ọkọ mi sáré jáde láti kíṣìnnì, wọ́n ní ṣé kò sí. Bàbá mi nàka sí mi, wọ́n ní, "Ẹ wá wo ọmọ sọfíyọ̀ tí kò mọ Minna." Wọ́n na ọwọ́, wọ́n ní kí n gbé ọmọ àwọn fún àwọn.

Ní Sátidé yẹn, ọmọ lọ pẹ̀lú wa, mo pọ̀n ọ́n. Bàbá mi ti dá ẹ̀rọ náà padà sí Minna, àwọn fúnra wọn ló sì mú un dání, rọ́bà rẹ̀ lẹ̀ mọ́ wọn lọ́wọ́, wọn ò bìkítà. Ọfà náà yẹra fún òkun. Ó mú wa lọ sápá ìwọ̀ oòrùn, ó ní ká dúró láàárín àgbọn méjì tó fara kan ara wọn. Ọgbọ́n rẹ̀ ò kọjá ibẹ̀. Bàbá mi fọwọ́ pa igi àkọ́kọ́ lára ní ọ̀gangan orí, wọ́n fọwọ́ pa ìkejì, kò sí ìṣó. Mo ń wo ojú wọn, mo ń retí kí ó tún rí bíi ti ọjọ́sí.

Wọ́n wá wo ilẹ̀. Wọ́n wo yanrìn tí wọ́n dà síbẹ̀, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ ló ga. Igi ò kúrú." Wọ́n di apá ọkọ mi mú, wọ́n kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, torí orúnkún wọn ò dáa, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara igi kejì nísàlẹ̀. Ìṣó náà wà níbẹ̀, ó ti dípẹtà, kò ga ju orúnkún èèyàn lọ sórí ilẹ̀. Ọ̀gangan orí ìyá mi nìyẹn. Wọ́n di ìṣó náà mú bí ẹní di ọwọ́ èèyàn mú. Wọ́n ní, "Ìyáálé, orogún rẹ ló mú wa wá." Mo sunkún, mi ò fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni, ọkọ mi náà kọjú sápá kan.

Ọkọ mi gbẹ́ ilẹ̀, ó jìn, torí mo ní mi ò fẹ́ kó wà nínú yanrìn olówó, kó dé ilẹ̀ dúdú tí ìyá mi mọ̀. A gbé òwú náà síbẹ̀, a bò ó. Ọmọ mi sùn gbogbo rẹ̀ já lẹ́yìn mi. Bí a ṣe ń padà lọ sídìí mọ́tò, ẹ̀rọ náà ké píì, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn. A ra bátìrì, a gé ọsàn wẹ́wẹ́, a fi báírò tì í títí, kò tàn mọ́. Bàbá mi ní kí a fi í sílẹ̀, ó ti ṣiṣẹ́ tó. Ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n wa títí di òní, rọ́bà rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ibẹ̀.

Ní báyìí, láàárọ̀ Sátidé, bàbá mi á gbé ọmọ sórí ẹsẹ̀, wọ́n á máa ka òǹkà igi náà sí i létí. Sátidé tó kọjá, mo wà ní kíṣìnnì, mò ń gé ẹ̀fọ́, mò ń gbọ́ wọn. Wọ́n dé àárín, wọ́n dúró. Mo retí. Wọ́n padà sí ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún dúró síbì kan náà. Ọbẹ dúró lọ́wọ́ mi. Mo gba òǹkà náà láti ibi tí wọ́n dé, mo kà á parí láti kíṣìnnì, láìjáde, torí mi ò fẹ́ rí ojú wọn, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n rí tèmi.

Wọ́n wá ní, "Kí ló kù?"

Mo ní, "Minna, sà."

Wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún ọmọ náà láti ìbẹ̀rẹ̀.